Ajá Ará Oko

Lọ́dún 1994, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Kánádà tó ń jẹ́ Stanley Coren gbé ìwé kan jáde, ó pe àkọlé rẹ̀ ní The Intelligence of Dogs. Inú ìwé yìí ló ti to àwọn ìran ajá tẹ̀léra, láti orí èyí tí orí rẹ̀ pé jù lọ dé orí èyí tó gọ̀ jù. Border Collie ló gba ipò kìíní. German Shepherd, tí gbogbo wa ń pè ní Alsatian, ṣe ipò kẹta. Rottweiler wà ní ipò kẹsàn-án. Ẹ wá sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìdí àkójọ náà, níbi tí àwọn tó gbé òdo relé jókòó sí: ní ipò 78 nínú 79, ẹ ó rí Basenji, ajá ọdẹ inú igbó Kóńgò.

Ọmọ Áfíríkà wa ni o. Ẹ má tíì bínú ṣá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo irú ìdánwò tí wọ́n ṣe fún un. Coren ò kó ajá kankan jọ sínú yàrá. Ìbéèrè ló kọ ránṣẹ́ sí àwọn adájọ́ tó ń ṣe ìdájọ́ ìdíje ìgbọràn ajá ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, nǹkan bí igba nínú wọn ló sì dá a lóhùn. Ohun tó fẹ́ mọ̀ kò ju méjì lọ. Ẹ̀ẹ̀melòó lèèyàn máa pa àṣẹ tuntun kí ajá tó mọ̀ ọ́n? Nígbà tó bá sì ti mọ̀ ọ́n tán, ṣé ẹ̀ẹ̀kan náà ló máa gbọ́, àbí èèyàn á máa pariwo mọ́ ọn? Coren fúnra rẹ̀ ṣàlàyé pé oríṣi ọgbọ́n mẹ́ta ló wà lára ajá, pé ìgbọràn yìí wulẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Àwọn tó ń gbé àkójọ náà kiri orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í sábà ka ibẹ̀ yẹn.

Iṣẹ́ software ni àwa ń ṣe jẹun, a sì ti rí irú nǹkan báyìí lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ọ̀gá bá lóun máa fi iye ìlà code mọ òṣìṣẹ́ tó múra síṣẹ́, ìlà code ló máa pọ̀. App náà ò ní torí ẹ̀ dáa sí i. Ọ̀rọ̀ Basenji jọ èyí pẹ́kípẹ́kí. Ajá kan náà ni. Àwọn ọdẹ fi ẹran inú igbó wọ̀n ọ́n, àwọn onídìíje fi ìrísí wọ̀n ọ́n, ìwé Coren fi ìgbọràn wọ̀n ọ́n. Ìwọ̀n àwọn ọdẹ ló pẹ́ jù lọ, òun ló sì sọ ajá náà di ohun tó jẹ́.

Láàárín 1868 àti 1871, Georg Schweinfurth, ọmọ Jámánì tó ń ṣèwádìí nípa ewéko, rìn wọ àárín gbùngbùn Áfíríkà títí tó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn Azande, tí wọ́n ń pè ní Niam-Niam nígbà náà. Ilẹ̀ wọn ni ààlà òyìnbó wá gé sí mẹ́ta lẹ́yìn náà: apá kan bọ́ sí Sudan, ó ti di Gúúsù Sudan lónìí, apá kan bọ́ sí Kóńgò, ìyókù wà ní Central African Republic. Schweinfurth kọ nípa ajá wọn. Ajá náà ò tóbi, irun rẹ̀ kúrú, etí rẹ̀ gbòòrò ó sì nà ró, ìrù rẹ̀ ká kò bíi ti ẹlẹ́dẹ̀. Ó ní agogo kékeré tí wọ́n fi igi gbẹ́ máa ń wà lọ́rùn wọn, kí wọ́n má baà sọnù sínú koríko gíga.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ nídìí agogo yẹn, torí inú rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Basenji kì í gbó bí ajá yòókù. Kò yadi o. Ó lè hó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó sì dákẹ́. Bí inú rẹ̀ bá dùn, ohùn kan máa ń jáde lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ tó jọ ti ẹni tó fẹ́ kọrin àmọ́ tó gbàgbé ọ̀rọ̀ orin náà. Ṣùgbọ́n gbígbó wọ́ọ̀wọ́ọ̀wọ́ọ̀ tí Bingo inú ilé ń gbó láti alẹ́ mọ́jú, kò sí lára rẹ̀. Ẹ wá fojú inú wo ajá tó kéré, tí kì í gbó, nínú koríko tó ga ju èèyàn lọ, tàbí nínú igbó kìjikìji tí oòrùn ò ráyè wọ̀. Ọdẹ ò rí i. Ọdẹ ò gbọ́ ohùn rẹ̀. Agogo nìkan ló ń sọ ibi tó wà, bó ṣe ń yára sí, àti ìgbà tó dúró lójijì. Ẹni tó bá mọ agogo ajá tirẹ̀ lè dúró sójú kan kó sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú igbó.

Nínú igbó Ituri ní ìlà oòrùn Kóńgò, àwọ̀n ni àwọn Mbuti fi ń ṣọdẹ. Wọ́n á ta àwọ̀n gígùn yí apá kan igbó ká, àwọn ọkùnrin á dúró tì í, àwọn obìnrin àtàwọn ọmọdé á gba òdì kejì máa pariwo bọ̀, ẹran á sì sá wọnú àwọ̀n. Àwọn Efe tó wà nínú igbó kan náà fẹ́ràn ọfà ní tiwọn. Lọ́nà méjèèjì, iṣẹ́ ajá ni láti wọ ibi tí èèyàn ò lè wọ̀, lábẹ́ ìtàkùn, nínú ihò, ní ìdí igi tó ti wó, kó lé ẹtu jáde síta. Bí ọfà bá sì ba ẹran tí kò kú lójú ẹsẹ̀, imú ajá ló máa tọ ipasẹ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ẹ sọ fún wa, níbi iṣẹ́ báyìí, ta ló fẹ́ máa pa àṣẹ? Ajá ti wà níwájú, èèyàn ń bẹ lẹ́yìn pátápátá. Bí ẹtu bá yà sápá òsì, kò sí àyè pé kí ajá bojú wẹ̀yìn kó béèrè pé ṣé kóun lé e. Ajá tó bá dúró gbàṣẹ, ebi ni yóò pa olówó rẹ̀. Torí náà, ìran dé ìran, ajá tó lè dá ìpinnu ṣe ni wọ́n ń mú lọ sóko ọdẹ, òun náà ló ń jẹ nínú ẹran, òun náà ló ń pẹ́ láyé kó tó bí. Òun ni Coren bá pàdé lórí pápá ìdíje ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń sọ fún un pé "jókòó," tó ń wo ẹ̀gbẹ́ kan, iwájú orí rẹ̀ hunjọ bíi ti ẹni tó ń ronú gbèsè. Àwọn tó ń sin Basenji lónìí mọ̀ ọ́n dáadáa: bí o bá pàṣẹ kan náà fún un lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ó ti sú u ní ẹ̀ẹ̀kẹta. Oúnjẹ àti eré ló ń gbọ́, kì í gbọ́ ariwo, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó bá nà án ti bà á jẹ́.

A ò fẹ́ sọ ọ́ di ìtàn dídùn ju bó ṣe yẹ lọ. Colin Turnbull, tó gbé lọ́dọ̀ àwọn Mbuti tó sì kọ The Forest People jáde lọ́dún 1961, kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìpá ni ajá ń jẹ níbùdó wọn, láti ìgbà tí wọ́n bá ti bí i títí tó fi máa kú. Ìwọ̀n àwọn ọdẹ le. Ọmọ ajá tí ara rẹ̀ ò gba ibà, tí ò lè wá nǹkan jẹ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò yá, kì í pẹ́. Kò sí ìwé tó ń tọ́jú orúkọ bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ nìkan ni wọ́n mọ̀, wọ́n sì mọ̀ ọ́n nípa iṣẹ́ tó ti ṣe níṣojú gbogbo ibùdó.

Àwọn ọdẹ tiwa nílẹ̀ Yorùbá náà ò kọ ìwé ìran ajá. Inú òwe ni wọ́n kó ẹ̀kọ́ wọn pa mọ́ sí. Gbogbo wa la ti gbọ́ ọ rí lẹ́nu òbí pé ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Àwọn ọ̀dọ́ aláìgbọràn ni wọ́n sábà ń pa á mọ́. Ṣùgbọ́n ká tó sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìbáwí, ìlànà iṣẹ́ ló kọ́kọ́ jẹ́. Ẹ ṣàkíyèsí pé òwe náà ò sọ̀rọ̀ "jókòó," kò sọ̀rọ̀ "dúró." Fèrè kan ṣoṣo ló mẹ́nu bà. Lójú tiwa, bí àdéhùn tó wà láàárín ọdẹ àti ajá ṣe rí nìyẹn: lọ síbi tó bá wù ọ́, lé ohun tí o bá rí, ṣùgbọ́n tí o bá ti gbọ́ fèrè, máa bọ̀. Àṣẹ ẹyọ kan, tí wọ́n fi kọ́ ọ láti kékeré títí tó fi wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀. Èkejì ni pé ajá tó rẹ́ni lẹ́yìn á pa ọ̀bọ. Ajá ò lè gun igi. Orí igi sì ni ọ̀bọ wà. Ajá á lé e títí yóò fi há, á dúró nídìí igi, á máa wòkè, ẹni tó ní ìbọn ló kù tí yóò dé. Bí ọdẹ ò bá dé lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, ajá á ti kọ́gbọ́n pé kò sídìí láti máa dúró ti igi. Bí a ṣe ń kọ́ ajá ni ajá ń kọ́ èèyàn.

Ní ti ọmọ ajá, ẹ̀yìn ajá àgbà ló ti ń kọ́ iṣẹ́. Ọdẹ tó ń fi ajá lé ọ̀yà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn á mú kékeré dání tẹ̀lé àgbà. Kékeré á kọ́kọ́ máa sáré kiri láìnídìí, á máa gbó labalábá, títí ọjọ́ kan tí yóò gbé imú sílẹ̀ ní ibi tí àgbà gbé tirẹ̀ sí. Ẹni tó bá ti bá senior developer jókòó tira rí, tó ń wo bó ṣe ń wá bug, mọ irú ẹ̀kọ́ yìí.

Ká padà sí Basenji. Lọ́dún 1895, wọ́n kó akọ kan àti abo kan dé Ìlú Ọba, wọ́n pàtẹ wọn níbi ìdíje Crufts ní London. Àwọn kan pè wọ́n ní African Bush Dog, àwọn mìíràn ní Congo Terrier. Kò pẹ́ tí distemper fi pa wọ́n. Lọ́dún 1923, Lady Helen Nutting kó mẹ́fà bọ̀ láti Sudan. Wọ́n fún wọn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára distemper ti ìgbà yẹn, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kú. Ajá tó la ibà, eégbọn àti ẹkùn já, àìsàn ìlú olótùútù ló wá mú un balẹ̀.

Ìgbà tó di ọdún 1937 ni àwọn tí Olivia Burn kó wá láti Kóńgò tó dúró. Wọ́n gbé wọn dé Crufts, èrò sì ya bò wọ́n. Ajá tí kì í gbó! Orúkọ tí wọ́n fi ń pè é lágbàáyé ti wà lára rẹ̀ nígbà yẹn. Ẹ mọ ìtumọ̀ "basenji"? Ọ̀rọ̀ Lingala ni, ó bá "shenzi" ti àwọn Swahili tan: ará oko, ará igbó tí ojú rẹ̀ ò tíì là. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ará ìlú ń lò láti fi bú ará abúlé ni. Ajá àwọn ará oko. Lórí ìwé ẹ̀rí tó ní òǹtẹ̀ ní London, ìbú yẹn ló di orúkọ ìran.

Lọ́dún 1941, wọ́n rí abo ajá kan nísàlẹ̀ ọkọ̀ òkun tó kó ẹrù láti Áfíríkà dé Boston. Ebi ti pa á títí tó fi rù kan egungun. Wọ́n sọ ọ́ ní Congo, ó wà lára àwọn tí Basenji Amẹ́ríkà ti ṣẹ̀ wá. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n dá Basenji Club of America sílẹ̀.

Fíìmù ló wá sọ ọ́ di gbajúmọ̀. Good-bye, My Lady, tí William Wellman darí lọ́dún 1956, dá lórí ìwé ìtàn James Street. Ọmọdékùnrin aláìlóbìí kan, Skeeter, ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò òbí rẹ̀ ní àbàtà Mississippi. Ó rí ajá àjèjì kan tí kì í gbó, ó mú un, ó sì fara balẹ̀ kọ́ ọ ní ọdẹ ẹyẹ. Sidney Poitier wà nínú fíìmù náà. Ohun tó mú wa lọ́kàn níbẹ̀ ni pé Skeeter ò mọ orúkọ ìran ajá yìí rárá nígbà tó ń kọ́ ọ. Ó kàn ń wò ó ni: ibi tí imú rẹ̀ ń gbọ́ òórùn dé, ohun tó ń ṣe nígbà tó bá rí ẹyẹ. Ìgbà tí ẹnì kan rí ìkéde nínú ìwé pé ajá olówó iyebíye kan sọnù ni orúkọ ìran tó wọlé, ibẹ̀ sì ni Skeeter ti pàdánù ajá rẹ̀. Ajá tó lò nínú fíìmù náà wá láti Ìlú Ọba, lọ́dọ̀ Veronica Tudor-Williams, obìnrin tó fi ayé rẹ̀ sin Basenji. A máa tó padà bá a.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dojú rú ni ìwé ìran. Bí ẹgbẹ́ ajá bí American Kennel Club bá ti gba ìran kan wọlé, wọ́n á ṣí ìwé fún un, wọ́n á kọ orúkọ àwọn ìpilẹ̀ṣẹ̀ síbẹ̀, wọ́n á sì ti ìwé náà. Láti ọjọ́ náà lọ, ajá tí orúkọ bàbá àti ìyá rẹ̀ ò bá sí nínú ìwé ò kì í ṣe Basenji, ì báà jẹ́ pé Kóńgò ni wọ́n bí i sí. Àwọn ìpilẹ̀ṣẹ̀ tó wọnú ìwé Basenji ò tó nǹkan. Gbogbo ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó wà ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, ọmọ, ọmọ-ọmọ àti ìbátan ara wọn ni wọ́n. Ẹni tó ń kọ code á ti mọ ibi tí èyí ń lọ: bí gbogbo ayé bá fork láti ara repository kan ṣoṣo, bug tó wà nínú rẹ̀ di ti gbogbo ayé.

Ọ̀nà tí bug yìí ń gbà ṣiṣẹ́ kò ṣàjèjì sí ọmọ Nàìjíríà. AS àti SS náà ni. Ajá tó gba jíìnì burúkú láti ọ̀dọ̀ òbí kan ṣoṣo, kò sí ohun tó ń ṣe é. Bí irú ẹ̀ méjì bá pàdé, ọ̀kọ̀ọ̀kan ọmọ wọn ló ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti gba méjèèjì. Nínú ìdílé tó gbòòrò, irú méjì bẹ́ẹ̀ kì í sábà pàdé. Nínú ìwé tí wọ́n tì, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pàdé.

Àìsàn àkọ́kọ́ tó yọjú jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀: sẹ́ẹ̀lì pupa ń bàjẹ́ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, ọmọ ajá á sì kú ní kékeré. Nígbà tó di àwọn ọdún 1970, àyẹ̀wò ti wà tó lè tú àwọn tó gbé jíìnì náà fó. Kí ni àwọn olùsìn ṣe? Wọ́n yọ gbogbo wọn kúrò pátápátá, títí kan àwọn tí ara wọn dá ṣáṣá, tí wọn ì bá kàn fi gùn pẹ̀lú ajá tí kò ní in. Ó dà bí ìgbà tí ìlú kan bá ní kí AS kankan má fẹ́ ẹnikẹ́ni mọ́, dípò kí wọ́n ní kó lọ fẹ́ AA. Àìsàn ẹ̀jẹ̀ yẹn dín kù lóòótọ́. Ìdílé tó ti kéré tẹ́lẹ̀ tún wá kéré sí i.

Láàárín àwọn ọdún yẹn náà ni èkejì yọjú: Fanconi. Kíndìnrín ajá kò mọ ohun tó yẹ kó dá dúró mọ́, á máa da ṣúgà àti àwọn èròjà aṣaralóore sínú ìtọ̀. Ajá á máa mu omi bí ẹni tí ọfọ̀n-ọn rẹ̀ ń jó, á máa tọ̀, á sì máa rù. Ìkà tó wà nínú Fanconi ni pé kì í tètè fara hàn. Ajá á ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin sí méje kó tó bẹ̀rẹ̀, ìgbà yẹn sì ti bímọ, àwọn ọmọ rẹ̀ náà ti ń bímọ. Àwọn tó ṣèwádìí fojú bù ú pé ó tó ọ̀kan nínú mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ajá tó gba ife ẹ̀yẹ nítorí ìrù tó ká dáadáa wà lára àwọn tó ń tàn án ká, torí àwọn ni gbogbo èèyàn fẹ́ fi gùn. Kò sí ohun tí adájọ́ ìdíje lè rí lórí tábìlì nípa kíndìnrín. Ọdẹ náà ì bá má rí i, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tirẹ̀, kò sí akọ ajá kan tó lè di bàbá gbogbo ìran.

Veronica Tudor-Williams ti fura ṣáájú. Lọ́dún 1959 ló ti gbéra lọ sí gúúsù Sudan, sílẹ̀ àwọn Azande tí Schweinfurth rìn já ní nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọdún ṣáájú, tó sì mú abo ajá pupa kan bọ̀ tó ń jẹ́ Fula. Fula wà nínú ìtàn ìdílé èyí tó pọ̀ jù nínú Basenji òde òní. Ṣùgbọ́n ajá kan ò tó. Ní 1987 àti 1988, àwọn olùsìn kan láti Amẹ́ríkà wọ àríwá ìlà oòrùn Zaire, wọ́n ń lọ láti abúlé dé abúlé, wọ́n ń wo ajá àwọn ọdẹ, wọ́n sì ń rà. Àwọn oníwèé wá padà sọ́dọ̀ àwọn aláìníwèé láti wá ẹ̀jẹ̀. Lọ́dún 1990, American Kennel Club gbà, wọ́n ṣí ìwé tí wọ́n ti tì, ajá 14 wọlé. Àwọ̀ tuntun kan bá wọn wọlé: ilà dúdú lórí awọ pupa, tí kò sí nínú ìwé tẹ́lẹ̀. "Avongara" ni wọ́n fi ṣáájú orúkọ àwọn ajá náà, ìyẹn orúkọ ìdílé tó ń jọba láàárín àwọn Azande. Orúkọ àwọn ọdẹ tó tọ́ wọn kò sí níbẹ̀. Àyè tí ìwé náà ní kò ju ti ajá lọ.

Àyẹ̀wò Fanconi jáde ní 2007 láti University of Missouri, èyí tó dájú sí i tẹ̀ lé e ní 2011. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn olùsìn ò ju ajá tó gbé jíìnì náà dànù mọ́. Wọ́n ń fi wọ́n gùn pẹ̀lú ajá tí kò ní in. Wọ́n tún ṣí ìwé láti 2009 dé òpin 2013. Àwọn Basenji Amẹ́ríkà ṣì ní ìdíje eré sísá, tí wọ́n fi ń dán ọgbọ́n ọdẹ wọn wò. Ohun tí wọ́n ń lé níbẹ̀ ni ọ̀rá funfun tí ẹ̀rọ ń fi okùn fà kiri pápá. Ọmọ ẹni tó ń lé ẹtu ní Ituri. A wo fídíò rẹ̀ tó márùn-ún, a ò sì lè sọ pé ajá yẹn ò gbádùn ara rẹ̀.

Kí ló wá kàn wá níbí? Lọ́dún 2009, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gbé ìwádìí kan jáde lórí DNA ajá abúlé ní Íjíbítì, Uganda àti Namibia. Wọ́n rí i pé Basenji bá ajá abúlé Áfíríkà tan gidi. Pharaoh Hound, tí àwọn tó ń tà á ń fi ère ilẹ̀ Íjíbítì polówó, kò bá wọn tan; ọ̀dọ̀ àwọn ajá òyìnbó ló tò sí. (Ẹ ò rí i pé orúkọ ò ro ènìyàn nìkan.) Lọ́dún 2018, ìwádìí mìíràn ka DNA àwọn ajá ìbílẹ̀ láti Nàìjíríà, wọ́n fi wé ti ajá ilẹ̀ mìíràn. Àmì tí wọ́n rí ni pé ilẹ̀ olóoru yìí ti ṣa ajá wa fún ìgbà pípẹ́, pàápàá lára jíìnì tó ń bá àìsàn jà. Ọ̀kan nínú wọn, ADGRE1, ní í ṣe pẹ̀lú bí ara ṣe ń kojú irú kòkòrò tó ń fa ibà.

Ajá tí ìwádìí yẹn ń sọ ni ekuke. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń lo ọ̀rọ̀ yẹn lórí Twitter àti níbi tí wọ́n ti ń ta ajá. "Ekuke lásán ni." Ará oko náà ni, ní èdè mìíràn. Ajá kúkúrú onírun pupa, etí ṣóńṣó, tí àwọn bàbá wa ń mú lọ lé ọ̀yà àti òkété, òun ló wá di ajá tí èèyàn ń tijú láti so mọ́ géètì. Alsatian ló kù tí wọ́n ń fẹ́, èyí tí eégbọn kan ṣoṣo lè kó ibà inú ẹ̀jẹ̀ bá, tí olówó rẹ̀ á sì máa wá dókítà ẹranko ní òru. A ò ní kẹ́nikẹ́ni má ra Alsatian. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ìlú ńlá: akọ àjèjì ń gun abo ìbílẹ̀ ní àdúgbò gbogbo, torí ọmọ wọn ló ń tà. Iṣẹ́ ọdẹ ń lọ sílẹ̀, igbó ń tán, ajá tí iṣẹ́ yẹn ṣà ò sì ní ìwé tí ẹnì kan lè ṣí lọ́la láti wá a. Kóńgò ni Amẹ́ríkà rí sá padà sí nígbà tí ìwé tiwọn jó rẹ̀yìn. Bí ti ibí bá dà pọ̀ tán, kò sí Zaire kankan tí a máa gbé owó lọ.

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá sì fẹ́ mú ọmọ ajá, yálà fún oko ọdẹ tàbí fún ẹnu ọ̀nà, ẹ béèrè ìyá rẹ̀ kí ẹ tó béèrè ìwé. Kí ni ìyá rẹ̀ ń ṣe? Ọmọ ọdún mélòó ni? Ṣé ó ń ṣàìsàn? Ṣé ẹ lè rí i? Ẹ fún un ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, ì báà ṣe Alsatian, ì báà ṣe ekuke. Ẹ kọ́ ọ ní fèrè kan kó tó tó oṣù mẹ́ta.

Ní ojú ọ̀nà tí a ń gbà lọ síbi iṣẹ́, ẹnì kan ń ta ọmọ ajá, ó kọ "PURE BREED" gàdàgbà sára pátákó. Abo ekuke kan máa ń sùn lábẹ́ pátákó náà, kì í sì í kúrò níbẹ̀ bí òjò bá ń rọ̀. Ó bí márùn-ún lẹ́nu àìpẹ́ yìí. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fi àwọn yẹn tọrẹ.